Bàbá Kíniṣẹ́yín àti Bọ́tìnnì Méje

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ààlọ́ mi yìí kò dá lé ìjàpá, kò dá lé erin, kò sì dá lé ọmọ ọba kankan. Ó dá lé ènìyàn bíi tiwa, Bàbá Kíniṣẹ́yín, tó máa ń fi bébà abẹ́ apá rẹ̀ lé eṣinṣin. Ẹni tó bá ti ń tòògbé, kó lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè nǹkan, kó dúró títí n ó fi mí.

Ibi tí gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn bàbá yìí ni àwa náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí òun àti Ìyá Oníbọ́tìnnì jọ wọ̀yá ìjà. Ìyá Oníbọ́tìnnì jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lórí àpótí. Òkìtì ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, òkìtì ẹ̀wù tó ti ní bọ́tìnnì wà lápá òsì. Àwọn télọ̀ ló ń kó wọn wá fún un láràárọ̀. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òwú wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá dé, ó tú bébà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ẹ ṣé o, bàbá."

"Kí ni iṣẹ́ yín?"

"Mi ò níṣẹ́."

Bàbá gbé bíírò sókè díẹ̀. "Mo ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì dáhùn."

"Ṣé kí n má dáhùn ni? Nílé tí wọ́n ti kọ́ èmi, a máa ń dá ẹni tó bá kíni lóhùn."

"Ìyá, láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ǹjẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ kankan, ì báà ṣe wákàtí kan ṣoṣo?"

"Níbo ni n ó ti ráyè ṣiṣẹ́? Ṣé ẹ ò rí gbogbo ẹ̀wù tó wà nílẹ̀ yìí ni?"

Bàbá ò tíì mọ ohun tí yóò kọ, nígbà tí ìyá na abẹ́rẹ́ sí i. "Ẹ bọ́ ẹ̀wù yẹn."

"Kí ló dé?"

"Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ti já. Mi ò lè máa bá ìdodo ẹni ẹlẹ́ni sọ̀rọ̀."

Bàbá bọ́ ẹ̀wù, ó dúró ní gbangba bí adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Kí ó tó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá ti rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, ó ti fi eyín gé òwú.

"Kí lẹ wá ṣe tán yìí, ìyá?"

"Mo ràn yín lọ́wọ́."

"Ṣé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn?"

"Ẹni tó ní ọ́fíìsì ló ń ṣiṣẹ́. Èmi jókòó sílé jẹ́jẹ́ mi." Bàbá wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó de bọ́tìnnì tuntun náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: kò níṣẹ́.

Kíkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni ìjọba gbà á síṣẹ́ fún. Ìjọba fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ láìní ọ́fíìsì, láìní pátákó lókè ilé, láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Wọ́n wá kọ́ ọ ní ìbéèrè ọlọ́jọ́ méje yẹn, ó sì kọ́ ọ lákọ̀ọ́sórí débi pé kò sí ẹni tí kò bi. Ó bi ọlọ́dẹ tó ń hanrun. Ó bi aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì lé e síta. Ó bi nọ́ọ̀sì náà nígbà tó ń lé e lọ. Lọ́jọ́ kan ó bi ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń fọ ṣòkòtò. Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣòkòtò náà sókè, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó ní, "Bàbá wa, tí mo bá ní mi ò ṣe nǹkan kan, ṣé ẹ máa wá parí èyí?" Ọjọ́ yẹn nìkan ló kúrò níwájú ènìyàn láìkọ nǹkan kan.

Ohun tó fi ń yangàn ni pé kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rí. Ohun tí ẹnu rẹ bá sọ ni yóò kọ. Ẹnu àwọn ará Ẹ̀yìn Ògiri ló sì kó wọn sí wàhálà.

Ẹ̀yìn Ògiri, òpópónà tóóró ni, lẹ́yìn ògiri gígùn kan báyìí. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nílùú ti ń lọ gbàwòsàn, ibẹ̀ náà ni Ìyá Oníbọ́tìnnì ń gbé. Nígbà tí bàbá gbé bébà wọ ibẹ̀, ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀ sọ pé owó orí ni wọ́n fẹ́ fi gbà. Bàbá bi ṣúmékà. Ìṣó mẹ́ta wà láàárín ètè ṣúmékà, ó rọra yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi kọ́ ni mò ń tún bàtà ṣe níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó rìnrìn àjò." Kápẹ́ńtà ní igi ló kàn wà níbẹ̀. Wẹ́dà ní òun ń ṣeré ni. Onídìrí ní gbogbo àwọn tó tò sórí bẹ́ǹṣì jẹ́ àbúrò òun. Ìyá àgbà kan tí eyín rẹ̀ ti tán wà lára wọn. Onídìrí wò ó, ó ní, "Èyí ni àbíkẹ́yìn wa."

Bàbá débi alágogo, tó tẹ orí mọ́ inú aago ọwọ́ kan, tó so awò sí ojú kan. Ó ní kí ló ń ṣe. Alágogo ní, "Mò ń wo aago ni." Bàbá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó kó bébà lọ sí ọ́fíìsì. Lórí bébà náà, ilé pọ̀ ní Ẹ̀yìn Ògiri, ènìyàn pọ̀, òṣìṣẹ́ kò sí.

Kò pé oṣù kan tí àwọn ará káńsù fi gbé ọ̀dà pupa dé. Wọ́n fa àmì sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ibẹ̀ yóò di ibùdókọ̀ àjàgbé. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún wọn láti kó ẹrù wọn.

Kápẹ́ńtà ní, "Ibo ni kí àwa òṣìṣẹ́ lọ?"

Ẹni tó gbé ọ̀dà ní, "Òṣìṣẹ́ wo? Bébà ní kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbí." Ó wá kun ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó lè hàn dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gbogbo òpópónà kó lọ bá bàbá nílé. Ìyá Oníbọ́tìnnì ló ṣíwájú. Ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí wọ́n bá wó o, kò ní ibòmíràn tí yóò gbé orí lé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́," ni ó wí.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́," ni bàbá wí.

Bàbá ká bébà rẹ̀ sí abẹ́ apá.

Bàbá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá yìí kéré sí i lọ́jọ́ orí, àmọ́ òun ló ní tábìlì. Ó ní wọ́n lè tún òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kà, bí bébà tuntun bá ti dé ọwọ́ òun kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ó ní ojú méjì ni fọ́ọ̀mù ní. Èkíní, ohun tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ. Èkejì, ohun tí akọ̀wé fi ojú ara rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ti dáyé, kò sí ẹni tó kọ nǹkan sí ojú kejì yẹn. Wọ́n ti rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Bàbá padà dé Ẹ̀yìn Ògiri, ó ní ó dára, ẹ wá sọ iṣẹ́ yín. Ìbẹ̀rù owó orí ṣì dè wọ́n láhọ́n. Ṣúmékà ní, "Bí a bá sọ, owó orí. Bí a ò bá sọ, katapílà. Bàbá, ṣé kò sí èyí tó wà láàárín?"

Bàbá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó ní, "Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn wà lójú iṣẹ́ tí ẹ ò ní yẹn títí di Ọjọ́bọ̀."

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá wọ Ẹ̀yìn Ògiri, àwọn ọmọdé sì sá. Bàtà kan yanu, ìkejì kò ní gìgísẹ̀. Ṣòkòtò ya láti orúnkún dé ibi tí kò yẹ kí ènìyàn wò. Agboòrùn rẹ̀ ti di egungun lásán. Aago ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ó ru àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sórí, ó gbé ìkòkò irin tó lu kọ́ apá, fìlà rẹ̀ sì ya sí méjì lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n là á. Gbogbo rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú àtùpà, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé yóò dé bá wa lọ́jọ́ kan, mi ò kàn mọ̀ pé Ọjọ́rú ni."

Bàbá kò sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ṣúmékà, bàtà rẹ̀ ń pariwo pàá, pàá. Ó kọjá, ó padà, ó tún kọjá. Ṣúmékà di ojú. Ó di etí. Nígbà ìkẹrin, ó sọ òòlù sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló ṣe bàtà yìí fún yín? Wọ́n ti pa yín. Ẹ bọ́ ọ kíá, ẹ má jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé ọ̀dọ̀ mi lẹ ti ń bọ̀."

Bàbá bọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ sí ojú kejì: mo rí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ènìyàn lè pa irọ́ pé òun kò níṣẹ́, àmọ́ oníṣẹ́ kò lè wo ohun tó bàjẹ́ níran. Kápẹ́ńtà gba àga náà lórí rẹ̀ kí bàbá tó kí i. Wẹ́dà sọ pé òun kàn fẹ́ yẹ ìkòkò náà wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí tí ihò fi dí. Télọ̀ mẹ́ta ja ìjà lórí ṣòkòtò, wọ́n pín in, bàbá sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onídìrí wo irun àgbọ̀n rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, àbúrò mi."

Alágogo nìkan ló mọ̀ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ó wo aago, ó wo bàbá. "Ẹ̀yin lẹ fi òkúta gbá a."

"Ṣé ó lè ṣiṣẹ́?"

"Ó lè ṣiṣẹ́ ju ẹ̀yin lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Nígbà tí aago náà tún dún, ọwọ́ rẹ̀ ti lé aago méjì ọ̀sán, ogójì ènìyàn sì ti wà nínú bébà.

Ẹni kan ló kù. Bàbá dúró níwájú Ìyá Oníbọ́tìnnì pẹ̀lú ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì kankan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú láyà. Méje ni bọ́tìnnì náà. Ó ti fi ọ̀bẹ gé gbogbo wọn, àti èyí tí ìyá fúnra rẹ̀ rán níjọ́sí.

Ìyá fi abẹ́rẹ́ kan ibi tí bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. "Èyí tí mo rán kì í já."

"Kò já. Ọ̀bẹ mẹ́ta ni mo fi gé e."

"Ẹ bọ́ ọ."

Ó rán méjèèje. Bàbá ti fẹ́ kọ ọ́ sí ojú kejì, ìyá na ọwọ́ dí bébà náà. "Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sí ibi tí ẹnu wà." Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, tí kò gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí mo ti ń ṣe é." Bàbá kọ ọ́, àmọ́ ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ láàárín ìṣẹ́jú yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá gba bébà náà, ó ní, "Mọ́kànlélógójì? Ẹ̀rí wo ló wà?"

Bàbá ṣí agboòrùn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì. Ó gbé aago sétí ọ̀gá. Ó gbé àga sílẹ̀, ó ní kí ó jókòó. Ọ̀gá jókòó, ó mi ara síhìn-ín, ó mi ara sọ́hùn-ún, àga kò dún. Ọ̀gá bu ọwọ́ lu bébà náà láti orí àga bàbá, kò sì dá àga náà padà mọ́.

Àwọn ará káńsù fi ọ̀dà funfun bo ọ̀dà pupa. Òótọ́ ni pé owó orí dé lọ́dún kejì. Àwọn ará Ẹ̀yìn Ògiri bínú sí bàbá fún ọdún mẹ́ta gbáko, wọ́n sì ń bá a tún bàtà rẹ̀ ṣe fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó dàgbà dáadáa, ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ṣí ìwé àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á síṣẹ́, láìní ìwé, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ka gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ka òun.

Bí Ẹ̀yìn Ògiri ṣe gbọ́ ọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mọ́kànlélógójì wọn lọ dúró síwájú tábìlì ọ̀gá, tí irun òun náà ti ń funfun. Ìyá Oníbọ́tìnnì ló bi í.

"Láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kọjá, ǹjẹ́ bàbá yẹn ṣe iṣẹ́ kankan, ì báà ṣe wákàtí kan ṣoṣo?"

Ọ̀gá ní, "Ìyá, kò sí bébà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí ńkọ́?"

Àga bàbá tí ọ̀gá ṣì jókòó lé kò dún. Ó wo àga náà, ó wo àwọn ènìyàn náà, ó sì fa fọ́ọ̀mù yọ. Ó kọ orúkọ bàbá sí ojú kejì, ó tẹ ìwé náà kíkankíkan. Méjìlélógójì.

Ibẹ̀ ni mo bá ààlọ́ mi dé, ibẹ̀ ni mo sì fi í sí. Ó yá, ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ ká ẹní yín, ẹ lọ sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín lọ́la pé kí ni ìyá yín àgbà ṣe nírọ̀lẹ́ àná, ẹ má dáhùn pé ó kàn jókòó o. Ẹ ní ó pààlọ́. Ẹ ní ó tó wákàtí kan.