Tàijí Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀sán ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán. Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀fà, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ sikiọ́rítì. Dókítà wà nínú, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún aláboyún kan tí ọmọ kọ̀ tí kò wá. Ní yàrá ìhà kejì, ìdílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìyá àgbà wọn, igbe wọn sì ń jáde síta. Ni mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà géètì. Ọkọ aláboyún náà ni, wẹ́dà kan tó ń jẹ́ Jímọ̀, ọkùnrin gìrìpá. Ó ti gbọ́ igbe, ẹnìkan níta sì ti sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ló kú. Ó ń pariwo bọ̀ pé òun máa pa dókítà.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin tí kò ga, tí kò sì lágbára, ṣe dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ọgbà àwọn Ṣáínà tó wá tún ọ̀nà rélùwéè ṣe ni mo ti kọ́kọ́ ṣe sikiọ́rítì. Ẹnjiníà àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, Ọ̀gbẹ́ni Wú. Láràárọ̀, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, n ó rí i lórí koríko, tó ń gbé apá, tó ń gbé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń rìn nínú odò tó mù ú dé ọrùn. Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá ni. Mo tilẹ̀ lọ bá awakọ̀ rẹ̀ pé ṣé kò yẹ kí a gbé bàbá yìí lọ sí ọsibítù. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Wú gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní tàijí ni orúkọ ohun tí òun ń ṣe, pé ìjà ni. Mi ò gbà. Ó ní kí n ti òun. Mo tì í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kọ̀ tí kò ṣíná, àfi bí ẹni pé mo ti aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Òun ló di ọwọ́ mi mú tí mi ò fi forí sọ ògiri. Ẹnu yà mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdúró ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Èèyàn á tẹ orúnkún díẹ̀, á wà lójú kan títí itan rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ó ní gbòǹgbò ni mò ń ta. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọwọ́ títì: a ó fi ọrùn ọwọ́ kan ara wa, a ó máa tì í lọ, a ó máa tì í bọ̀. Kì í ṣe ìdíje agbára. Ọwọ́ ni èèyàn ń fi gbọ́ràn níbẹ̀, kó lè mọ ibi tí agbára ẹnìkejì ń lọ kó tó débẹ̀. Bí wọ́n bá tì ọ́, má tì wọ́n padà, má sì sá. Fún wọn láyè, kí o bá wọn lọ. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Wú gbọ́, ẹnu àwọn ọlọ́kadà ló sì ti kọ́ ọ. Bí èjìká mi bá ti le, á fi ìka kan án, á ní, "Jẹ́jẹ́."

Bàbá mi, tó ti ja ìjàkadì dáadáa nígbà èwe rẹ̀, wò mí lọ́jọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Rùkáyà, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Èyí tí ò ń ṣe yìí, orò àwọn wo ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún tẹ orúnkún.

Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè parí, Ọ̀gbẹ́ni Wú padà sílùú rẹ̀, èmi náà sì ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Mi ò fi tàijí sílẹ̀. Àwọn aláìsàn ni mo ń lò ó fún jù. Mo lè gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ kí ìbàdí ro èmi tàbí òun. Ṣùgbọ́n mi ò fi jà rí. Ká sọ tòótọ́, mi ò gbà gbọ́ pé ó lè ṣiṣẹ́ lára ẹni tí inú ń bí lóòótọ́.

Jímọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Súlè, ẹlẹgbẹ́ mi tí kóńdó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ku èmi nìkan àti ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró."

Ó fi gbogbo ara rẹ̀ rọ́ lù mí. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lára apá rẹ̀. Mi ò dì í mú, mo kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbọ́ agbára rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, mo yí ìbàdí, mo sì fún un láyè. Ibi tó rò pé mo wà, mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Òun náà yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, mo sì fi ọwọ́ kejì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà lu sìmẹ́ǹtì. Ó jókòó sílẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé kalẹ̀.

Ìgbà náà ni nǹkan já bọ́ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, tó sì dún gbangba nílẹ̀. Irin kan ni, tó ti pọ́n lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò rí irin yẹn tẹ́lẹ̀.

Ó fẹ́ dìde. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, bó ṣe ń gbé ara rẹ̀ ni mò ń bá a lọ, tí mo sì ń dá a padà sílẹ̀. Nígbà tó yá, okun rẹ̀ tán. Ó gbé orí lé mi léjìká, ó ń sunkún. Ó ní wọ́n ti pa Àlímọ̀ fún òun.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn wa. Nọ́ọ̀sì jáde, ó gbé ọmọ tuntun tí wọ́n fi aṣọ wé.

Ó ní, "Ta ni ọkọ Àlímọ̀? Ẹ kú ewu ọmọ o. Ìyá rẹ̀ ń bẹ láàyè. Dókítà ṣì ń rán ojú iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́."

Jímọ̀ wo ọmọ, ó wo irin tó wà nílẹ̀, ó wá wo èmi. Ọwọ́ dókítà tí ó fẹ́ gún pa ni ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ wà ní wákàtí yẹn gan-an. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo gbòǹgbò tí Ọ̀gbẹ́ni Wú ní kí n ta, mi ò mọ ibi tó gbà lọ.

Nígbà tí dókítà jáde, tí wọ́n rò fún un, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Jímọ̀ ti jẹun láti àárọ̀. Kò pe ọlọ́pàá.

Ìròyìn ti dé etí bàbá mi kí n tó délé. Ó bọ́ bàtà, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí a jọ tì í. A tì í lọ, a tì í bọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Ọ̀fà ni Ṣáínà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Jímọ̀ wá dúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Ìtìjú kò jẹ́ kó wọlé.

Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ ṣe fún mi lọ́jọ́ náà? Mo ń ṣubú, àmọ́ mo mọ̀ pé ọwọ́ kan wà lẹ́yìn mi."

Mo sọ fún un. Ó béèrè bóyá wẹ́dà lè kọ́ ọ. Báyìí, òun, Súlè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yòókù la jọ ń ṣe é ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Òun ló pẹ́ jù kó tó mọ̀ ọ́n, torí apá rẹ̀ kò mọ̀ ju kó le lọ.

Nígbà mìíràn, ó máa ń gbé ọmọ náà lé èjìká kọjá níwájú wa, tí wọ́n bá ń ti ilé kéwú bọ̀. Ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Jímọ̀ á kí mi, ọmọ á juwọ́. Èmi náà á juwọ́, n ó sì máa wò wọ́n títí wọ́n á fi yà lọ́nà ọjà.