Ìrìn Ọpẹ́ Àkànní

Àkànní ọkọ mi, ọmọ Ẹ̀gbá tó sá di àpáta tí àpáta gbà, ọmọ agbẹ́lẹ̀kùn tí igi ìrókò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, arìn-má-wẹ̀yìn, bàbá àwọn ọmọ mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo ṣì máa ń kì í báyìí.

Ogun òyìnbó ti parí nígbà náà, iyọ̀ sì ti pọ̀ padà lọ́jà. Ọdún kan náà ni rọpárọsẹ̀ kọlu òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nínú agbolé wa l'Áké. Ti ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé. Ìyá náà ń rẹ aṣọ lọ́wọ́ nídìí ìkòkò aró, ló bá figbe ta pé orí òun fẹ́ là. Ó bì, ó sì ṣubú. Wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Kò lè dìde mọ́, kò lè sọ̀rọ̀, ṣíbí la fi ń bọ́ ọ.

Ti Àkànní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jí, ó ní kí n gbé omi ìwẹ̀ wá, mo wá rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ òsì kò sì gbéra. Dókítà ọsibítù ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó tún ń mú ayùn. Gbogbo àdúgbò ní àìsàn tiẹ̀ ti lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń káàánú.

Dókítà nìkan ni kò bá wa yọ̀.

"Ìyá, ohun tó dí ọ̀nà ọpọlọ lè dí ọ̀nà ọkàn lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọkàn ni kí ẹ máa ṣọ́. Kó máa sinmi, kó yé gun òkè, kó dín iyọ̀ kù."

Mo ní, "Oògùn ńkọ́, sà?"

Ó wolẹ̀. "Mi ò ní èyí tí mo lè fún un."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, Àkànní rẹ́rìn-ín. "Nígbà ogun a ò ríyọ̀ jẹ. Ó wá dé tán, dókítà ní kí n máa wò ó."

Iyọ̀ kọ́ ló wá ká mi lára jù. Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá wá kí lórí àìsàn, bó bá dìde, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ dúpẹ́ lójúlé dójúlé. Àwọn tó wá kí Àkànní pọ̀, mo ṣì lè dárúkọ wọn tán títí dòní. Wọ́n wà ní Ìtọ̀kú, wọ́n wà ní Ìkìjà, wọ́n wà lókè Ìtòkò, òkúta ni gbogbo ọ̀nà ibẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín dúpẹ́, Bàbá."

"Ṣé ìwọ ló ṣàìsàn ni? Wọ́n á ní Àkànní ti di arọ, ìyàwó ló ń ràn níṣẹ́."

Mo tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, káfíńtà bíi tiẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ kó rìn. Ìrìn ló ń na iṣan." Ẹnì kan ṣoṣo tí Àkànní ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nídìí ẹní ìyá náà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àkànní bẹ̀rẹ̀ ìrìn ọpẹ́ láti ilé tó súnmọ́ wa. Bó bá padà dé, òógùn á bò ó, á fara ti ògiri, á ní oòrùn ni. Lọ́jọ́ tó ń lọ Ìtòkò, mo tẹ̀ lé e. Lágbedeméjì òkè ó jókòó sórí òkúta, ó di àyà mú.

Mo ní, "Ṣé ọwọ́ yẹn ni?"

"Ọwọ́ ti yá. Àyà ni." Ó wòkè. "Ilé wọn nìyẹn. Jẹ́ kí n mí díẹ̀."

Orí rẹ̀ wá sí èjìká mi. Ẹni tí Àkànní ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ kejì la sin ín sẹ́yìn ilé, létí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú yàrá, lórí ẹní.