Fíláàṣì Orí Tábìlì Ìyá Ìyàwó

Ẹni tó bá pe ọ́fíìsì àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé kọ̀ǹpútà òun kọ̀, kò gbéra láti orí fíláàṣì tí wọ́n fi ń jí i, ọ̀dọ̀ Oníbéèrè ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì tọ́ sí i. Irú kọ̀ǹpútà wo ni? Ọdún wo lẹ rà á? Ihò wo lẹ ki fíláàṣì bọ̀? Kí ló hàn lójú rẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn pé "dúdú ni" yóò tún gba ìbéèrè mìíràn sí i. Àwọn oníṣẹ́ tó bá ń méfò, yẹ̀yẹ́ ni Oníbéèrè máa ń fi wọ́n ṣe nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Àfi ọjọ́ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Kọ̀ǹpútà màmá ti kú pátápátá, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ wọn tó ti dolóògbé: orin kan tí bàbá kọ sórí fóònù, tí wọ́n ṣi ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pè. Ohùn bàbá kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn.

"Ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ bi mí, àna mi?"

"Rárá o, Màmá! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ní tiyín."

Ta ni yóò máa da ìbéèrè bo àna rẹ̀ bí ọlọ́pàá? Kí wọ́n wá lọ sọ pé ọkọ ọmọ àwọn ò mọṣẹ́!

Ó rí fíláàṣì kan lórí tábìlì, ó mú un. Ó ki í bọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, ó sì kó ohun tí yóò jí kọ̀ǹpútà màmá sí i. Màmá ń wò ó, wọ́n ń mi orí sókè sódò. Ara Oníbéèrè yá gágá.

Ó ki fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà màmá, ó sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá inú rẹ̀ lọ, ó wá a bọ̀. Fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ kún ibẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an lẹ tọ́jú ohùn bàbá sí?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wọ́n láti ìgbà tó ti dé nìyẹn.

"Ibo ni ìbá tún wà?" Màmá nawọ́ sí fíláàṣì tó wà lára kọ̀ǹpútà. "Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí fóònù, kó má baà sọnù. Nígbà tó o mú un láìbi mí, mo ní, àna mi mà mọṣẹ́ o!"

Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ ọn.

"Ó yá, ṣí i kí n gbọ́."