Yàrá Ìsàlẹ̀ Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Mi

Títí di òní, bí ẹnìkan bá pè mí ní "oníbàárà wa pàtàkì", mo máa ń kọ́kọ́ bínú kí n tó wo ojú ẹni tó sọ ọ́. Ẹ̀bi onítọ̀hún kọ́. Ẹ̀bi òtẹ́ẹ̀lì kan ni ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ti ń sùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí mo ń kàwé gboyè kejì.

Olùkọ́ ni mí ní agbègbè Òde-Omi. Ìrìn kékeré kọ́ ni láti ibẹ̀ dé yunifásítì. Èèyàn á wọ ọkọ̀ ojú omi, á wọ mọ́tò, á tún gun ọ̀kadà, eruku á sì ti gba gbogbo àtíkè ojú rẹ̀. Àwa méjì la jọ ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ wa, èmi àti àbúrò kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Òun kò ní òtẹ́ẹ̀lì kan pàtó. Ibi tí wọ́n bá ti dín owó ni tirẹ̀. Bó bá gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ojowo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ń ṣe ẹ̀dínwó fún àwa tá à ń kàwé lópin ọ̀sẹ̀, á gba ibẹ̀ lọ. Bí ẹ̀dínwó náà bá parí, ó ti di ibòmíràn.

Èmi ní tèmi kò kúrò lójú kan. Òtẹ́ẹ̀lì mi fún mi ní káàdì pélébé kan, wọn a sì máa tẹ òǹtẹ̀ sí i nígbàkigbà tí mo bá sùn. Bó bá kún, mo ní ẹ̀tọ́ sí yàrá ọ̀fẹ́. "Ní ọjọ́ tó bá wù yín, mà," máníjà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Yàtọ̀ sí èyí, yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fún mi, wọ́n ń bá mi lọ aṣọ, wọ́n sì ń fi ẹyin díndín kan lé búrẹ́dì mi láàárọ̀.

"Àǹtí mi," àbúrò yìí wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹyin kan yìí ni wọ́n fi so yín mọ́lẹ̀? Owó tẹ́ ẹ fi ń ju tèmi lọ á ra odindi kíréètì ẹyin."

Mo ní ohun tó wà nílẹ̀ lòun ń wò, èmi ń wo ohun tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀dínwó òní lòun mọ̀, kí ọ̀la máa tọ́jú ara rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ tèmi. Ẹja yíyan ló ń tà, obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó sì ni oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí ẹja bá pọ̀, obìnrin yẹn ló ń kọ́kọ́ ṣà á. Bí ẹja bá wọ́n, tirẹ̀ ti wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kó owó gọbọi dání wá kò ní í fojú kàn án. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, obìnrin náà gbé gàrì àti epo la omi kọjá wá kí i. "Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù," ìyá mi a máa wí. Wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Lọ́dọ̀ wa, a kì í bi oníbàárà ẹni pé ṣé ó dájú. Ìbéèrè yẹn gan-an, èébú ni. Nítorí náà, èmi náà kò bi máníjà bóyá ọjọ́ kan wà tí káàdì mi kò ní í ṣiṣẹ́. Ìwà tá à ń hù sí ẹlẹ́ja ni mo gbé lọ síwájú káńtà òtẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí káàdì náà kún, mi ò lò ó. Mo fi pamọ́ de ayẹyẹ ìgboyè. Nínú gbogbo ọmọ ìyá mi, èmi nìkan ló dé yunifásítì, kò sì rí mi nínú gáùn rí. Nígbà tí mo gboyè àkọ́kọ́, àìsàn yẹn kò jẹ́ kó lè lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun gbọ́dọ̀ wà nínú gbọ̀ngàn, kí òun fi etí ara òun gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Àtẹ̀gùn lọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyí tí yàrá ìsàlẹ̀ fi ṣe pàtàkì sí mi, kó lè sùn, kó jí, kó sì rọra rìn bọ́ sínú mọ́tò.

Nígbà tó ku oṣù díẹ̀, àbúrò mi wá bá mi. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì Ojowo ń ṣe ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá tètè sanwó yàrá ayẹyẹ, ká jọ san án. Mo fi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ní yàrá nílẹ̀? Mo pe máníjà lórí fóònù lójú rẹ̀. "Ẹ má mikàn, mà," ó ní, "ilé yín ni."

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ lèmi àti ìyá mi gúnlẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì mi. Ìyá mi wọ sùtánà funfun ìjọ wọn, ó ní àdúrà lòun fi ń rìnrìn àjò. Bàtà rẹ̀ wà nínú àpò, torí wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà yẹ káàdì mi wò. "Kì í ṣiṣẹ́ lásìkò ìgboyè, mà."

Mo ní kó pe máníjà. Ó yọ, ẹ̀rín ọjọ́sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn àlejò ọ̀gá ńlá kan láti Èkó ló gba gbogbo yàrá ìsàlẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti sùn níbí rí?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, òun la fi ṣe ẹ̀dínwó fún wọn."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà àbáwọlé wọn rí gba ẹ̀dínwó, ó sì gba yàrá mi. Mo da omi síwájú, ẹlòmíràn tẹ ilẹ̀ tútù. Máníjà ní ó ku yàrá kan lókè pátápátá, owó rẹ̀ sì ti lé sí i nítorí àsìkò. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń jẹun dìde. Mo pe òpùrọ́ ní òpùrọ́. Mo pe àbúrò mi, ó ní Ojowo ti kún, òun àti ọkọ òun àti àwọn àna òun ló há mọ́ra nínú yàrá kan. Kò sọ pé "ṣé mo wí bẹ́ẹ̀". Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Ìyá mi ti jókòó sórí àpò rẹ̀. "Ó tó," ó ní. "Gba yàrá yẹn. Àtẹ̀gùn è níí pa mi."

Ó fi ẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn onítáìsì náà, ó ń di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń jókòó, ó ń kọ orin ìjọ wọn lábẹ́lẹ̀ kí n má baà gbọ́ bó ṣe ń mí.

Láàárọ̀, orúnkún rẹ̀ ti wú bí ìkòkò. Kò lè tẹ̀ ẹ́. Mo sáré sísàlẹ̀ láti wá èèyàn tó máa gbé e. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí mo máa ń sùn sílẹ̀: bẹ́ẹ̀dì wà bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, ìrọ̀rí kò yẹ̀. Àwọn àlejò ọ̀gá ńlá kò wá. Ó ní wọ́n ní láti Èkó làwọn máa gba gbọ̀ngàn lọ tààrà. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo bẹ́ẹ̀dì yẹn, bí mo bá ní ẹ̀tù lọ́wọ́, ǹ bá fọ́ ilé náà.

Mo mú ọkùnrin méjì lọ sókè. Ìyá mi lé wọn. "Wọn è níí gbé mi sọ̀kalẹ̀ bí òkú lọ́jọ́ ayọ̀ ọmọ mi," ó ní. "Máa lọ. Dede wọn ti ń lọ sí gbọ̀ngàn, kò ku ẹnìkan." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀.

Mo lọ. Wọ́n pe orúkọ mi, mo rìn, mo bọwọ́. Mi ò rántí ojú ẹni tí mo bọ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó parí, mo ti wà lórí ọ̀kadà pẹ̀lú gáùn lọ́rùn.

Ìyá mi ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wọ aṣọ tó kó wá fún gbọ̀ngàn, ó ti wé gèlè. Ó ní kí n padà síta. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá pe orúkọ mi àti ti bàbá mi ní kíkún, ó fi ohùn tó fi ń pe ọlọ́kọ̀ lójú omi pè é, àwọn yàrá tó kù ń ṣí ilẹ̀kùn wò. Mo wọlé. Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ó sì ń pàtẹ́wọ́, òun nìkan. Mo ń rẹ́rìn-ín fún un, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń rántí bẹ́ẹ̀dì òfìfo tó wà nísàlẹ̀.