Máàkì Mẹ́sàn-án Àǹtí Mẹ́fà

Àbúrò ìyá mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Mẹ́fà. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ mẹ́fà. Kò tíì bímọ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ló ń bá ṣiṣẹ́, ìdájọ́ àwọn géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ló sì ń kọ síbẹ̀. Bí géèmù tuntun bá fẹ́ jáde, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ títà tó pé, á gbá a títí dé òpin, á kọ ohun tó rí nínú rẹ̀, á sì fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Mẹ́fà ló sábà máa ń fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kà á máa ń bú u lórí ayélujára pé ahun ni, pé bí wọ́n bá ní kó fún oòrùn pàápàá ní máàkì, mẹ́fà ló máa fún un. Á ka èébú náà sókè fún wa, á rẹ́rìn-ín, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́tìnì dúdú kan wà lójú fèrèsé kí oòrùn má baà ran ojú tẹlifíṣọ̀n. Páàdì méjì tí wọ́n fi ń gbá géèmù ló wà nídìí ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan ti fá níbi tí àtàǹpàkò àǹtí mi máa ń gbé. Ìkejì ṣì ń dán. Ti ìyá àgbà ni èyí tó ń dán.

Ìyá àgbà ló bí ìyá mi àti àǹtí mi, kò sì mọ nǹkan kan nípa géèmù. Ohun tí àǹtí mi ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Kó tó fi máàkì lé géèmù kankan, á gbé páàdì lé màmá rẹ̀ lọ́wọ́, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kò ní kọ́ ọ, kò ní bá a sọ̀rọ̀. Á kàn máa wo ibi tó ti ń fajú ro àti ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ òun ti mọ géèmù jù, òun kì í rí ohun tó ń kọ àlejò lẹ́sẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà a sì máa bá àwọn èèyàn inú géèmù sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n wá kí i nílé. Ó bi jagunjagun kan nígbà kan bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó jáde.

Ṣùgbọ́n nígbà tí géèmù tí wọ́n ń pè ní Atukọ̀ dé, ìyá àgbà ò sí nílé. Ó ti lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Ẹni tó ṣe Atukọ̀ kì í ṣe àlejò sí wa. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti àǹtí mi ti jókòó láti kékeré, Onígéèmù la sì máa ń pè é. Òun àti àwọn mélòó kan jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ti fi ṣe géèmù yìí. Ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ bá wọn tà á ti kìlọ̀ fún wọn: wọ́n á kó máàkì gbogbo àwọn adájọ́ géèmù pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba, bí kò bá sì dé mẹ́jọ, wọ́n á ti yàrá náà pa, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Àǹtí mi ti sọ fún olóòtú rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ló ṣe é, kó gbé e fún ẹlòmíràn. Olóòtú ní ẹlòmíràn dà.

Atukọ̀ dára. Èèyàn á máa fi ọkọ̀ kékeré kó èrò kọjá odò ńlá kan, tòun ti ẹrù wọn àti ìtàn tí wọ́n ń sọ lórí omi. Àǹtí mi gbá a dé òpin, ó nu ojú rẹ̀ níbì kan, ó wá jókòó, ó kọ mẹ́sàn-án. Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyá mi, ìyá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ibà ni. Àǹtí mi fi ránṣẹ́ sí olóòtú láìdúró de ìyá àgbà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Àdéhùn wà láàárín àwọn adájọ́ géèmù pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde ṣáájú ẹlòmíràn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú títà ni wọ́n dá. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá àgbà dé. Nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n, àpò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fara balẹ̀, torí iṣẹ́ ti parí.

Bàbá arúgbó kan tó gbé àga dání ni ìyá àgbà ń tù kọjá. Wọ́n ti dé agbedeméjì odò nígbà tí ìyá mi pè wá pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ìyá àgbà na ọwọ́ sí súwíìsì iná ara ògiri.

Àǹtí mi ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó gúnlẹ̀ ná."

Súwíìsì ti kú.

Nígbà tí a jẹun tán tó tún tan án, ọkọ̀ wà létí odò, òfìfo. Bàbá náà ò sí níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ti tù kọjá tẹ́lẹ̀ náà ò sí mọ́. Ìyá àgbà tukọ̀ lọ, ó tukọ̀ bọ̀, kò sẹ́ni tó pè é létí odò kankan.

Ó ní, "Níbo ni bàbá alága wà?"

Àǹtí mi gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sáré dé àárín odò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa súwíìsì, ó tún tan án. Òfìfo. Ó tún un ṣe. Òfìfo náà ni. Nígbà náà ni mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Agogo kékeré kan máa ń dún bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, láti fi hàn pé géèmù ti fi gbogbo nǹkan pamọ́. Ẹni tó bá ti mọ géèmù í gbá máa ń dúró gbọ́ agogo yẹn kó tó pa á, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun ń dúró. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí adájọ́ kan tó pa á lórí omi rí.

Aago mẹ́rin ti ń sún mọ́. Ó pe Onígéèmù, ó gbé fóònù sórí tábìlì kó lè máa gbọ́ ọ bó ṣe ń dán an wò.

Onígéèmù ní, "Ta ló ń pa géèmù lórí omi?"

"Màámi."

"Màámi kì í ra géèmù."

"Bí iná bá lọ mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ńkọ́?"

Onígéèmù wá ń sọ̀rọ̀ wéréwéré pé àwọn á tún un ṣe láìpẹ́, kí àǹtí mi kọ ọ́ sínú ìwé bó bá fẹ́, kó ṣáà má fọwọ́ kan máàkì. Ó ní ilé iṣẹ́ náà ti rí máàkì gbogbo àwọn yòókù.

"Mẹ́jọ géérégé la wà. Mẹ́sàn-án tìẹ ló gbé wa débẹ̀. Bó o bá fà á sílẹ̀, a ti túká nìyẹn."

Àǹtí mi ní, "Ẹni tí gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ̀ bá pòórá, kí ni kí n sọ fún un?"

"Ṣe bó o ṣe fẹ́, Àǹtí Mẹ́fà."

Onígéèmù ò fi orúkọ yẹn pè é rí. Fóònù ti kú kí àǹtí mi tó la ẹnu.

Ó pe olóòtú pé òun fẹ́ yí máàkì náà padà. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àǹtí mi nìkan ni yóò dá yàtọ̀ láàárín gbogbo wọn, àwọn èèyàn á sì ní ó ń jowú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá ó dá a lójú.

"A ti pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀gá."

"Mélòó wá ni?"

Àǹtí mi wo ẹ̀yìn màmá rẹ̀. Ìyá àgbà ti gba páàdì padà, ó ṣì ń wá bàbá alága kiri.

Ó ní, "Mẹ́fà."

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, èébú rọ́ dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kà á sókè fún wa. Máàkì tí wọ́n pín dọ́gba náà sì bọ́ sí abẹ́ mẹ́jọ, díẹ̀ báyìí. Ìyá àgbà gbọ́, ó bi wá bóyá òun lòun ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Àǹtí mi ní rárá, àmọ́ ìyá àgbà ò fọwọ́ kan páàdì mọ́.

Lẹ́yìn tí géèmù náà jáde, àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé èrò ọkọ̀ àwọn ti sọnù: iná lọ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ọmọ ẹlòmíràn ló fẹsẹ̀ kọ wáyà. Ilé iṣẹ́ ńlá náà wá ní kí Onígéèmù kọ́kọ́ tún un ṣe, àwọn á pinnu lẹ́yìn náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé wá, ó ti rù, ó mú Atukọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe lọ́wọ́. Ó kí ìyá àgbà dáadáa. Kò wo ọ̀dọ̀ àǹtí mi.

Ó ní, "Màámi, ẹ wá bá mi tukọ̀."

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ò dáa."

"Ọwọ́ yín yẹn gan-an ni mo wá fẹ́."

Ìyá àgbà bá a tukọ̀. Ó gbé bàbá alága, ó sì dé agbedeméjì odò. Onígéèmù ní kó pa á. Ìyá àgbà bojú wẹ̀yìn wo àǹtí mi, àǹtí mi fi orí dá a lóhùn pé kó pa á. Súwíìsì kú. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, mo rí gbogbo wa nínú rẹ̀ bí a ṣe jókòó, ẹnì kan ò mira.

Ó tan án. Ó pẹ́ kó tó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà omi dé, ọkọ̀ dé, bàbá náà sì jókòó sórí àga rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí a ṣe fi í sílẹ̀.

"Bàbá," ni ìyá àgbà wí, "ẹ kú ìdúró."

Onígéèmù mí kanlẹ̀. Kò yíjú padà nígbà tó béèrè pé, "Mélòó?"

"Èmi kì í fún géèmù kan ní máàkì lẹ́ẹ̀mejì," ni àǹtí mi dá a lóhùn.

"Mo mọ̀." Ó sún díẹ̀ lórí àga, àǹtí mi sì lọ jókòó síbẹ̀.

Wọ́n fi yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù bàtà náà sílẹ̀ fún wọn nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti bá ibòmíràn lọ kí èsì tó dé. Mẹ́fà náà ṣì wà nínú ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a ò tíì mọ ìkankan nínú ìyẹn. Ìyá àgbà tukọ̀ dé etí odò, agogo dún, ó sì sọ fún bàbá náà pé kó má gbàgbé àga rẹ̀.