Bí Dádì Ṣe Rán Mi Lọ sí Japan Láti Wo Bọ́ọ̀lù Àbúrò Mi

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni Dádì gbé mi kúrò nílé wa ní Katy, ìlú kan lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ kan ní ìparí oṣù kọkànlá. Ọkọ̀ òfuurufú mi kò ní gbéra títí aago mẹ́wàá yóò fi kọjá, ṣùgbọ́n Dádì kò gba ọ̀nà márosẹ̀ Houston gbọ́. A dé pápákọ̀ òfuurufú kí wákàtí kan tó pé. Mo rí i pé mo ní wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ láti jókòó lásán.

Inú ọkọ̀ ni Dádì ti tún iṣẹ́ tí wọ́n rán mi sọ.

"Ṣeun, lọ wò ó fún mi dáadáa. Má wo ẹnu rẹ̀ o. Ẹnu Dámi dùn, o mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́, sà."

"Ilé ẹ̀kọ́ gíga níbí ti gbà á, oṣù kìíní ni wọ́n ń wọlé. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà ní kó tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan sí i. Kò lè ṣe méjèèjì. Ìwọ ni àkọ́bí. Ohun tí o bá bọ̀ wá sọ ni màá ní kó ṣe."

Nílé wa, ọ̀rọ̀ ńlá kì í parí lórí fóònù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ fi ojú rí i. Nígbà tí ọmọ àǹtí wa kan fẹ́ fẹ́ ọkọ ní Rosenberg, èmi ni wọ́n rán lọ bá àwọn ẹbí ọkọ jẹun, kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Dámi fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ti sọ pé òun kò ní tọwọ́ bọ ìwé kankan tí Dádì kò bá fọwọ́ sí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi ni yóò pinnu bóyá yóò dúró ní Japan tàbí yóò padà wálé.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹlẹ́rìí tí wọ́n rán. Èmi àti Dámi jọ gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé kan náà ní Katy. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Èmi ló máa ń bẹ̀rẹ̀ eré. Òun máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí kóòṣì wa fẹ́ mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, Dádì ní àkọ́bí òun kò ní fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ. Mo lọ kàwé, mo gboyè, mo sì ń ṣiṣẹ́ ìṣirò fún ilé iṣẹ́ kan báyìí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Dámi béèrè ohun kan náà. Dádì ní, "Ọ̀kan ti ń kàwé, jẹ́ kí èkejì gbìyànjú." Mo ti wọn gbólóhùn yẹn wò lọ́nà púpọ̀, ibì kan náà ló máa ń já sí: èmi ni mo fi ẹsẹ̀ mi ra òmìnira fún un.

Mo fi wákàtí mẹ́tàlá àti díẹ̀ wà lójú ọ̀run. Nígbà tí mo balẹ̀ sí Tokyo, ó ti di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mọ́mì ti di gàrí, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ata gbígbẹ sínú àpò mi. Wọn kò fi ẹran kankan sí i, torí pé òfin ibẹ̀ kò gbà á. Aṣọ́bodè kan tẹ ọ̀rá gàrí wò, ó béèrè bóyá ìyẹ̀fun ni. Mo ní pàákì lílọ̀ tí a yan ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ.

Láti Tokyo, mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Shinkansen. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá yen ni mo san, ìyẹn bí àádọ́rùn-ún dọ́là ó lé díẹ̀. Àkókò tí wọ́n kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni ó gbéra. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sókè. Ọkùnrin kan tí fóònù rẹ̀ dún dìde lọ gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Mo ra ìrẹsì tí wọ́n dì róbótó, tí wọ́n fi ewé òkun wé, ní ọgọ́jọ yen. Onigiri ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó yó mi. Ní Katy, ẹni tí kò ní mọ́tò kò lè ra búrẹ́dì. Ní gbogbo ọ̀nà yìí, n kò rí ẹni tó nílò mọ́tò.

Dámi ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ìlú kékeré kan létí òkun. Ó dọ̀bálẹ̀ kan báyìí, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ha! Ẹ ti sanra o. Katy ń tọ́jú yín."

"Ìwọ ló gbẹ. Ṣé wọn kì í fún un yín lóúnjẹ ni?"

"Wọ́n ń fún wa. Wọ́n á tún wá wọ̀n wá lórí ìwọ̀n. Níbo ni gàrí wà?"

Yàrá kan ni ilé rẹ̀, ẹgbẹ́ ló gbà á fún un. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ìgbà tí à ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Nígbà tó ń mu gàrí lọ́wọ́ ló sọ bí ọdún bọ́ọ̀lù wọn ṣe rí fún mi. Ìpele kejì ni wọ́n wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń sọ̀rọ̀ pé wọn yóò gòkè. Nígbà tó di ìgbà ooru, àwọn tó ṣe pàtàkì fara pa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jákulẹ̀. Ó wá ku eré kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá pàdánù rẹ̀, wọn yóò já sí ìpele kẹta.

Àjèjì márùn-ún ló wà nínú ẹgbẹ́ náà: ará Brazil mẹ́ta, ará Korea kan, àti Dámi. Ará Brazil kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ló wà ní àyè tó yẹ kí Dámi wà.

"Ẹ wò ó, bí èmi àti ọmọ Japan bá dọ́gba, ọmọ Japan ni wọ́n á mú. Àjèjì gbọ́dọ̀ jù ú lọ kó tó lè rí àyè. Mi ò bínú sí wọn. Ṣé àwa náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní a ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú mi, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: kì í sábà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Inú mi dùn díẹ̀ sí èyí. Mo kíyè sí i pé inú mi dùn.

Ní ọjọ́ kejì ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Ògbufọ̀ ẹgbẹ́, arábìnrin kan tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè àwọn ará Brazil, wà pẹ̀lú wa. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti pàdé bàbá arúgbó kan tó gbé bàtà bọ́ọ̀lù mẹ́fà dání. Morita-san ni wọ́n ń pè é. "San" yìí ni wọ́n ń fi bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Òun ló ń tọ́jú aṣọ àti bàtà wọn, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí ògbufọ̀ sọ ẹni tí mo jẹ́, bàbá náà gbé bàtà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó sì tẹrí ba fún mi.

Ara mi kọ̀ ọ́. Báwo ni bàbá tó tó bàbá Dádì yóò ṣe máa tẹrí ba fún mi? Mo tẹrí ba ju tirẹ̀ lọ. Òun náà tún rẹlẹ̀ sí i. Mo tún rẹlẹ̀. Ó tún rẹlẹ̀. Kí n tó ronú, mo ti na gbalaja sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi àyà kanlẹ̀, ti jákẹ́ẹ̀tì ti gbogbo rẹ̀.

Bàbá náà pariwo. Ó rò pé mo dákú ni. Àwọn ará Brazil sáré jáde. Dámi ti gbá ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ò lè borí wọn. Èmi náà ṣe é lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé. Dókítà ẹgbẹ́ ni wọ́n pè."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé bàbá, ó bá mi gbọn ekuru ara mi nù. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀: láàárọ̀ gbogbo, Dámi ló máa ń kọ́kọ́ wá kí òun kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, òun sì rí i báyìí pé ilé ló ti kọ́ ọ. Mo dúpẹ́. Dámi tí mo mọ̀ ní Katy, Mọ́mì gbọ́dọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá kí àlejò. Àwọn àjèjì ní àbúrò tó dára ju èyí tí èmi ní lọ, ó sì dùn mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni eré náà. Kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gùn wá. Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ ọrùn, orúkọ Dámi wà lára rẹ̀ ní àmì ìkọ̀wé wọn àti ní tiwa. Ó wo ojú mi, ó nàka sí pápá, ó sì béèrè pé, "Onīsan?" Mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nìyẹn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ìlà ìjókòó wa kí wọ́n wá wo ẹ̀gbọ́n Dámi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ìwé, kò sí ẹni tó kọ orúkọ mi sára aṣọ ìnujú rí.

Wọ́n ti jẹ wá ní góòlù kan kí Dámi tó wọlé, nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mo yọ fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò kọ sílẹ̀. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i, ó kẹ̀yìn sí góòlù, èèyàn méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó yí, ó sì ti bọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní èyí, nínú kọ́ńpáàńdì wa. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé, ó ti wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti mọ ibi tí gbogbo èèyàn wà. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbá bọ́ọ̀lù, n kò gbé orí sókè bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo máa ń wò. Ó gbé e fún ará Korea, ìyẹn sì gbá a gba òkè òpó.

Báyìí ni eré parí. Wọ́n já.

Mo ń retí èébú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tò, wọ́n yí pápá ká, wọ́n ń dúró níwájú ìjókòó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tẹrí ba. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ń sunkún, kò sì dẹ́kun pípa àtẹ́wọ́. Nígbà tó kan ìlà wa, Dámi kò wo ojú mi. Ó tẹrí ba, ó pẹ́ níbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ní ilé, ó fi yìnyín sí orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ sọ fún Dádì?"

"Ẹgbẹ́ yín ti já."

"Mo wà níbẹ̀."

"Owó yóò dín kù."

"Wọ́n ti sọ fún mi."

"Ilé ẹ̀kọ́ kò ní dúró dè ọ́."

"Ẹ ti ṣírò rẹ̀ tán nìyẹn." Ó tún yìnyín náà gbé. "Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí. Mi ò ní bínú."

Ì bá sàn kó bínú.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo kọ ìdí mẹ́jọ tó fi yẹ kó wá sílé sínú ìwé kékeré kan. Kò sí irọ́ kan nínú wọn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ì bá yìn mí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó rí i pé kò sí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n rán lọ wo bọ́ọ̀lù kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ àfi bọ́ọ̀lù.

Dádì wá gbé mi. Wọn kò béèrè nǹkan kan títí a fi dé ilé, tí mo wẹ̀, tí Mọ́mì gbé ìrẹsì àti ẹja díndín síwájú mi. Ìgbà náà ni wọ́n fa àga wọn súnmọ́ mi.

"Ó dáa. Kí lo rí?"

"Ẹ jẹ́ kó dúró, sà."

"Ẹgbẹ́ tó ti já yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí nìdí?"

Mo wá gbólóhùn tó rọrùn ju èyí lọ, n kò rí i. "Ó mọ bọ́ọ̀lù jù mí lọ."

Dádì mi orí. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo, sà?"

"Láti ìgbà tí ẹ jọ wà ní ilé ìwé. Kóòṣì yín pè mí. Ó ní ìwọ ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ tí òun fi sórí bẹ́ǹṣì torí pé ó kéré ni bọ́ọ̀lù ń gbọ́ tirẹ̀. Mo wá wò ó pé bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, àbúrò rẹ lo máa bínú sí. Mo ní kí n kúkú kọ̀ fún ọ, kó jẹ́ èmi lo máa bínú sí."

N kò lè sọ fún wọn pé ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́, pé àwọn méjèèjì ni mo bínú sí. Mo jẹ ìrẹsì mi tán.

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Japan nígbà náà. Dádì ní kí n pe Dámi. Mo pè é, mo ní kó lọ tọwọ́ bọ̀wé. Ariwo tó pa mú kí Mọ́mì yọjú láti kíṣìnnì. Dámi béèrè ohun tí mo sọ fún Dádì tí wọ́n fi gbà. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn, mo sì pa fóònù.

N kò ní parọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: ìlara náà ṣì wà. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ó lè máa gbé inú mi, kí n má sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lórúkọ mi.