Ọwọ́ Tó Dẹ̀ Lára Gíláàsì

Kí n má purọ́, ọjọ́ tí wọ́n gbé rọ́bọ́ọ̀tì yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù gíláàsì wa, mi ò fẹ́ rí i sójú rárá. Ọdún méjìlélógún ni èmi àti Ẹ̀sọ̀ fi jọ gbé gíláàsì fèrèsé, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, kí orúnkún tó dá mi dúró. Ní báyìí, orí àga lẹ́nu ọ̀nà ni mo wà, mò ń kọ ìwọ̀n fèrèsé. Wọ́n wá tú irin alápá gígùn kan jáde nínú páálí, wọ́n ní ìyẹn ló máa dípò mi.

Iṣẹ́ ló sọ èmi àti Ẹ̀sọ̀ di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Tó bá gbé gíláàsì, ẹ ó rò pé ọmọ tó ń sùn ló gbé. Kò fọ́ ọ̀kan rí.

Lọ́jọ́ kẹta, òun àti rọ́bọ́ọ̀tì gbé gíláàsì kan tó ga ju èèyàn lọ. Rọ́bà ọwọ́ ẹ̀rọ náà fà mọ́ ọn lápá kan, Ẹ̀sọ̀ di apá kejì mú. Wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́. Àfi bí rọ́bọ́ọ̀tì ṣe fa gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn, tí gíláàsì kọlu òpó, tó fọ́ yángá.

"Ó já a gbà lọ́wọ́ mi," ni Ẹ̀sọ̀ wí.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ náà padà ní Fúráìdé. Àmọ́ tí kò bá ti sí ẹni tó máa bá Ẹ̀sọ̀ gbé, òun ò ní gba iṣẹ́ gíláàsì ńlá mọ́, kí Ẹ̀sọ̀ máa lọ sílé. Ọkùnrin méjì tá a ti gbà ṣáájú, bí wọ́n ṣe rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò yọjú mọ́. Ẹ̀sọ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò mọ iṣẹ́ míì, ibo ló fẹ́ gbà?

Mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì panu mọ́. Ẹ̀sọ̀ dẹwọ́ ni. Bí àwa tó ń gbé gíláàsì ṣe ń dán alábàáṣe tuntun wò nìyẹn: wàá dẹwọ́ díẹ̀, kó o mọ̀ bóyá á fura, kó dúró. Èmi gan-an ni mo fi dán Ẹ̀sọ̀ wò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ta ló wá sọ ìyẹn fún irin? Inú burúkú ni, mo mọ̀, àmọ́ inú mi dùn pé ẹ̀rọ náà ò lè ṣe bíi tèmi.

Lọ́jọ́ kejì tí gíláàsì fọ́, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán mi sílẹ̀. Mo lọ bá Ẹ̀sọ̀.

"O dẹwọ́," mo ní.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á dúró ni, ẹ̀gbọ́n. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

"Èmi tí mo kọ́ ẹ ńkọ́? Dìde, a jọ ń lọ ni."

A bá ọ̀gá àti ẹ̀ńjíníà, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ di ẹ̀rọ náà padà sínú páálí. Ẹ̀sọ̀ jẹ́wọ́. Èmi náà jẹ́wọ́ pé mo rí i, mo dákẹ́.

"Bàbá," ni ẹ̀ńjíníà wí fún Ẹ̀sọ̀, "bí ọwọ́ yín bá ti dẹ̀, ohun tó mọ̀ ni pé ẹ ti gbé e fún òun. Ó ń yára gbé e kúrò lára yín kó má baà gé yín ni."

"Ṣé èmi ló ń ṣọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ẹ̀sọ̀ gbórí sísàlẹ̀. "A jẹ́ pé ó lẹ́kọ̀ọ́ jù mí lọ." Ọ̀gá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní bí wọn ò bá fọ́ gíláàsì ní Fúráìdé, ẹ̀rọ náà ò ní padà mọ́. Wọ́n fẹnu kò pé kò ní sí ìdánwò mọ́. Tí ọwọ́ Ẹ̀sọ̀ bá dẹ̀, kí ẹ̀rọ dúró gbọn-in títí Ẹ̀sọ̀ á fi sọ pé, "Gbà." Pákó ni wọ́n fi kọ́ra wọn lódidi ọjọ́ kan.

Ní Fúráìdé, wọ́n gbé gíláàsì tó tóbi jù lọ. Wọ́n dé àárín ṣọ́ọ̀bù, Ẹ̀sọ̀ fẹsẹ̀ kọ, ọwọ́ ẹ̀ yọ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì dúró. Gíláàsì ò mì. Ẹ̀sọ̀ tún ẹsẹ̀ ẹ̀ tò, ó tún un dì mú.

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo na ọwọ́ síwájú bíi pé apá gíláàsì tí èmi dì mú ló fẹ́ já bọ́.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni Ẹ̀sọ̀ wí, láìwẹ̀yìn. "Ó ń bẹ lọ́wọ́ wa."

Mo jókòó. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ẹ̀rù tó ti ń bà mí nítorí Ẹ̀sọ̀, láti ọjọ́ tí mo ti fi òun nìkan sílẹ̀ sídìí gíláàsì, kúrò lára mi.